Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin

Ní Rejáínà, níbi tí òtútù ti ń buni jẹ bí ajá tí kì í gbó,
mo fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin sínú ìwé ìtọ́jú Bàbá Kowalchuk:
Ó rìn. Ara le.
Ká sọ òótọ́, n kò tilẹ̀ kọ ọ́.
Ti àná ni mo fi ìka kan gbé, tí mo fi ìka kan sọ kalẹ̀.
Aláìsàn méjìlá ni mo ti dá lẹ́sẹ̀ dúró láti àárọ̀.

Àná lara rẹ̀ le.
Lónìí, lẹ́nu ọ̀nà yàrá kẹrìndínlógún, ó di apá mi mú,
ó ní, "Ọmọbìnrin, ilé ń yí."
Mo mú un jókòó. Mo fún un lómi.
Mo sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà yìnyín láti máa relé:
"Òòyì ń kọ́ Bàbá o."
Ó ní òun gbọ́.
Mo gbọ́ tó ní òun gbọ́.

Lóru, Bàbá dìde lọ tọ̀. Egungun ìbàdí.

Oṣù méje kọjá kí lẹ́tà lọ́yà tó dé.
Yìnyín ti yọ́, nọ́ọ̀sì ti kó lọ sí Hálífáàsì. Kò rántí.
N kò bá a jà. Aláìsàn kẹta ọjọ́ náà,
kí ni èmi gan-an rántí nípa rẹ̀?
Ìwé tó dákẹ́, tẹni tó kọ ọ́ á bá a dákẹ́.

Bàbá mi, ní Ìdànrè, kò mọ̀wé.
Owó tó bá fún àgbẹ̀ kí kòkó tó pọ́n, ara ògiri ló ń fi èédú fà á sí.
Ọdún tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣe é lóore,
tó kun ilé lọ́dà kí Kérésì tó dé,
bàbá mi jókòó níwájú ògiri funfun báláú,
ó ń wò ó bí ẹni ń wo òkú.
Àwọn onígbèsè wá kí i kú ọdún.
Wọ́n ní ilé náà rẹwà.

Mo dúró lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé, mo ṣí kọ̀ǹpútà.
Gbólóhùn kan péré: Mo sọ fún nọ́ọ̀sì.
Òtítọ́ sì ni!
Ṣùgbọ́n bí orogún ni ẹ̀rọ yìí rí, kì í gbàgbé:
Ìyùnadé, aago mẹ́sàn-án alẹ́, oṣù méje lẹ́yìn ìṣubú.
Òtítọ́ tó pẹ́ lọ́nà tó bẹ́ẹ̀,
aṣọ irọ́ ni yóò wọ̀ dé ilé ẹjọ́.
Mo pa á dé.

Lọ́dọọdún ni mo ń fi èébú san owó adójútòfò.
Marisol tá a jọ ń ṣiṣẹ́ a ní,
"Ṣé ìgbà tí òjò bá pa ọ́ tán lo fẹ́ ra agbòjò?"
Obìnrin tó gbé fóònù wọn kò bi mí bóyá mo jẹ̀bi.
Ó ní, "Má fọwọ́ kan ìwé. Má pe àwọn ọmọ Bàbá.
Kọ gbogbo rẹ̀ fún lọ́yà wa, títí kan èyí tó ń tì ọ́ lójú."
Mo kọ ojú ewé mẹ́ta. Ìka kan, ìka kan, ó wà níbẹ̀.

Wọn yóò san èyí tí owó lè san.
Ta ni yóò san èyí tó kù,
pé n kò gbọdọ̀ lọ bá a, kí n ní, Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́,
èmi tí mo wá láti ilẹ̀
tí a ti ń kí ẹni tó kàn fẹsẹ̀ kọ?

Lánàá, Ìyá Desjarlais, yàrá kẹta:
Ó rin ìgbésẹ̀ mọ́kànlá. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ní orúnkún òsì ń dun òun díẹ̀.
Mo sọ fún nọ́ọ̀sì Thiessen ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ó ní òun gbọ́.
Ìyá bi mí bóyá yìnyín yóò já lálẹ́.
Mo kọ ìyẹn náà,
kí n tó pa á rẹ́.